Òjò Tó Ṣú ní Ìtòkú àti Omi Ẹ̀yìn Morádékẹ́

Morádékẹ́ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí ó tó wọṣẹ́ gíláàsì fífọ̀. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ó mú ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣóbándé ní Aṣéró, ní Abẹ́òkúta, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó bá níbẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kò tìtorí ìyẹn fẹlá. Bí wọ́n bá ní kó gbálẹ̀, a gbálẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó fọ rọ́bà, a fọ̀ ọ́.

Fèrèsé ilé gogoro ni Ọ̀gá Ṣóbándé máa ń fọ̀. Àkàbà ló fi ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, títí di ọjọ́ tí àkàbà kan yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì dá. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà jinná tán, ó ń tiro, ó sì búra pé òun kò gun àkàbà mọ́ láyé. Ó ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ní, ó fi kún owó tó wà lọ́wọ́, ó ra àgbá omi oníke tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń gbé báàgì. Ogún lítà omi ni àgbá kọ̀ọ̀kan ń gbà. Pọ́ǹpù kékeré kan tó ń lo bátìrì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, rọ́bà tín-ín-rín jáde lára rẹ̀ wọ inú ọ̀pá gígùn kan tó ṣeé fà jáde, búrọ́ọ̀ṣì sì wà lórí ọ̀pá. Ẹni tó gbé e kọ́ ẹ̀yìn á dúró sílẹ̀, á na ọ̀pá sókè, á tẹ bọ́tìnnì, omi á sì máa ya láti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì. Bó bá ti fi gbo gíláàsì, tó sì fi omi ṣàn án, iṣẹ́ parí nìyẹn. Kò lo ọṣẹ, kò lo aṣọ ìnulẹ̀, kò sì gun ohunkóhun.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ àgbá náà ní àmù. Ó ní omi tó mọ́ jù nílé ni à ń dà sínú àmù, omi tó mọ́ jù náà ló gbọ́dọ̀ máa wà nínú èyí. Kò sọ ọ́ láti fi ṣeré. Orí òkúta ni Abẹ́òkúta wà, òkúta sì wà nínú omi rẹ̀. Bí omi kànga ẹ̀rọ bá gbẹ lára gíláàsì, àpá funfun ló ń fi sílẹ̀ bí ẹ̀fun. Ìdí nìyẹn tí omi iṣẹ́ wọn fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ẹ̀rọ asẹ́ ńlá kan tó wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọjá, asẹ́ náà kì í sì kánjú. Wákàtí méjì ni àmù kan fi ń kún, ìyẹn bí iná bá dúró. Ọ̀gá lè gbójú fo ọmọ iṣẹ́ tó pẹ́ dé, ó sì lè gbójú fo èyí tó fọ́ búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kékeré mú ọ̀rọ̀ omi. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú àmù lẹ́yìn iṣẹ́, inú dúróòmù ni wọ́n ń dá a padà sí.

Morádékẹ́ mọṣẹ́. Apá rẹ̀ le, ojú rẹ̀ mú, kì í sì í fi igun gíláàsì sílẹ̀ láìkàn. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ládùúgbò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ni pé ó mọ ojú ọ̀run kà. Abà ni wọ́n bí i sí, inú abà ló sì gbé títí ó fi dàgbà. Bí ó bá wo ìkúukùu, tó gbóòórùn atẹ́gùn, á sọ pé òjò á rọ̀ tàbí kò ní rọ̀, ó sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ìyá kan wà ní ojúlé kejì tí kì í sá èlùbọ́ láìbi í. Àwọn tó fẹ́ fọ aṣọ a máa pè é láti ojú fèrèsé pé, "Morádékẹ́, ṣé ká fọ̀ ọ́?" Ká má purọ́, orí rẹ̀ a máa wú.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ọ̀gá pè é.

"Morádékẹ́, ọdún mẹ́ta rẹ á pé ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àwọn ẹgbẹ́ aládìrẹ kọ́ ilé tuntun sí Ìtòkú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí i. Ìwọ nìkan ni yóò fọ gíláàsì ibẹ̀. Bí o bá ṣe é láṣeyanjú, kí ìyá rẹ máa bọ̀ láti abà. Ní Sátidé la ó ṣe fíríìdọ̀mù rẹ."

Morádékẹ́ kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti fi ń jí ní aago márùn-ún láti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tó lè dá tirẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ tú u sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí. Ó ti rí yàrá kan tó fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ní Ọbańtókò. Ó ti mọ àwọ̀ ọ̀dà tí yóò kùn ún pàápàá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá wọn omi àmù mẹ́ta fún un: ọ̀kan wà nínú àmù, méjì wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ó kó wọn sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó gba Ìtòkú lọ. Ilé alájà mẹ́ta ni ilé náà, gíláàsì ló sì kún iwájú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Eruku ọyẹ́ àti ti òkúta tí wọ́n ń fọ́ lẹ́yìn ìlú ti bo gbogbo rẹ̀. Kí aago méjìlá tó lù, ó ti fi àmù méjì fọ ìsàlẹ̀ àti àárín, gíláàsì wọ̀nyẹn sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ kan fi orí sọ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ iṣẹ́ kan ti wá kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjèèjì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wá ku àjà òkè. Fèrèsé méjìlá ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì fẹ́ pàtẹ aṣọ sí fún àlejò. Ọ̀pá kò lè gùn débẹ̀ láti ilẹ̀. Àfi kí ó gbé àmù gun àtẹ̀gùn, kí ó dúró sí bákónì.

Ó pàdé Màmá Ṣómóyè lórí àtẹ̀gùn. Òun ni ìyá ẹgbẹ́, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, aró sì ti pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láró dé ọrùn ọwọ́.

"O kú iṣẹ́ o, ìyá fèrèsé. Èyí tó o gbé sẹ́yìn yìí, kò wúwo?"

"Ó wúwo, Màmá. Ó dà bí kéèyàn pọ̀n ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó yà fún un kí ó kọjá.

Morádékẹ́ dé bákónì, kò tíì tẹ bọ́tìnnì nígbà tí atẹ́gùn tútù kan fẹ́ lù ú lójú. Ó gbójú sókè. Òjò ti ṣú láti apá ìlà oòrùn, ó dúdú, ó wúwo, ó sì ń bọ̀. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń fò nílẹ̀-nílẹ̀. Ó gbóòórùn ilẹ̀ tútù láti òkèèrè. Láti oṣù Bélú ni òjò kankan kò ti rọ̀ ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n èyí, kò sí ohun tó lè dá a dúró. Ó pariwo sí màígádì nísàlẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ kó àga wọlé o! Kò ní tó ogún ìṣẹ́jú!"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Òjò àkọ́kọ́ ọdún ni. Bí òun bá fọ gíláàsì méjìlá yìí báyìí, òjò á wọ́ eruku òrùlé dà sí i lára, iṣẹ́ á di àṣedànù. Bí òun bá ní sùúrù díẹ̀, òjò náà á kọ́kọ́ fọ òrùlé mọ́, á fọ eruku gíláàsì, òun á sì gbé àmù sábẹ́ ẹnu òrùlé, òun á gba omi òjò, òun á fi ṣan gbogbo rẹ̀. Omi òjò kò ní òkúta nínú. Omi tí Ọlọ́run ti fúnra rẹ̀ sẹ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tó dí i lọ́wọ́ ni pé àmù kún, ẹnikẹ́ni kò sì lè gba omi sínú ohun tó ti kún.

Ó sọ àmù kalẹ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó dorí rẹ̀ kodò sójú gọ́tà bákónì.

Ogún lítà omi kì í ṣe kékeré. Ó hó wàá gba inú páìpù lọ sílẹ̀, ó ṣàn gba ojú ọ̀nà. Màmá Ṣómóyè yọjú láti inú yàrá.

"Omi kí nìyẹn?"

"Omi àmù ni, Màmá. Òjò ti dé."

Màmá wo ojú ọ̀run. "Ó ṣú lóòótọ́," ó wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ìkòkò aró rẹ̀ wà. Ó wá ọmọrí, ó fi dé e, ó tún padà sókè.

Morádékẹ́ gbé àmù òfìfo sábẹ́ ẹnu òrùlé, ó fara ti ògiri, ó ń retí. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ẹ̀kán omi kan bọ́ sí gíláàsì, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ò ju mélòó kan lọ. Níbi tí wọ́n bọ́ sí, eruku di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì ṣàn wálẹ̀ bí omijé ọmọ tó ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn yí padà. Òjò tó ṣú náà kó ara rẹ̀ jọ, ó gba apá Ìbarà, ó ń lọ. Kí aago tó lu ọ̀kan ààbọ̀, oòrùn ti yọ padà bí ẹni tí kò lọ síbì kankan.

 Morádékẹ́ wo àmù, ó wo gíláàsì méjìlá tó ti burú ju bó ṣe bá wọn lọ, ó wo ojú ọ̀run. 

Màígádì gun òkè wá, ó ti kó gbogbo àga wọlé, ó sì ti làágùn. "Òjò tẹ́ ẹ sọ ńkọ́?"

"Ó ti lọ, Bàbá."

Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní, "Ṣé nítorí omi lẹ ṣe ń dárò? Kànga ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ilé. Omi kì í ṣe omi ni? Ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ẹni tó wà nínú ìdààmú. Morádékẹ́ bu omi kànga ẹ̀rọ náà sínú ife, ó fi fọ fèrèsé tó wà ní ìpẹ̀kun, ó sì dúró kí oòrùn gbẹ ẹ́. Àpá funfun jáde lójú gíláàsì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ó fi etí aṣọ nù ún. Ó di bàtàbàtà. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi omi yìí fọ mọ́kànlá yòókù, nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kọjú sí wọn, gbogbo àlejò ni yóò rí i, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sì ni wọn yóò pè. Ó mú fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé o ṣubú?"

"Mi ò ṣubú, sà. Omi ni."

"Omi ṣe kí ni?"

"Mo dà á nù."

Ọ̀gá lọ ṣí dúróòmù wò. Nígbà tó yá, ó ní, "Ààbọ̀ àmù ló wà nínú dúróòmù. Mò ń bọ̀."

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ló sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, kẹ́ẹ̀gì wà láàárín itan rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Morádékẹ́ sáré lọ gba kẹ́ẹ̀gì, ọ̀gá kò fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi díẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi díẹ̀. Kò bú u, kò sì wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Morádékẹ́ wà tó ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ojú sì tì í ju ẹni tí wọ́n lù lọ́jà lọ.

Omi náà tó fún fèrèsé mẹ́fà. Ọ̀gá ń tọ́ka, Morádékẹ́ ń fọ̀. Nígbà tí omi tán, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ̀ àlejò sì ti ń dé.

Màmá Ṣómóyè jáde sí bákónì. "Mélòó ló kù?"

"Mẹ́fà, Màmá," ni Morádékẹ́ wí. 

Màmá ka fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú ojú rẹ̀, ó wọlé, ó kó àdìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́fà jáde. Ó ta wọ́n sójú gíláàsì tó dọ̀tí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn àlejò wọlé, wọ́n gbójú sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá ní òun kò tíì rí ilé tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ báyìí rí. Morádékẹ́ mí kanlẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá.

Ní Sátidé, ìyá rẹ̀ dé láti abà pẹ̀lú iṣu mẹ́wàá àti àkùkọ adìẹ kan. Wọ́n to àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ aṣọ tó mọ́. Ọ̀gá Ṣóbándé dìde.

"Ìyá, ẹ kú ìrìn. Mo mọ ohun tí mo torí rẹ̀ ránṣẹ́ pè yín, ṣùgbọ́n mi ò ní lè ṣe é lónìí."

 Morádékẹ́ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, wọ́n yìn wá lánàá."

"Aṣọ ni wọ́n yìn. Gíláàsì tìẹ wà lẹ́yìn aṣọ."

"Ẹ dárí jì mí, sà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Mo ti dárí jì ẹ́ kí n tó gun àtẹ̀gùn tán. Ìyẹn kọ́ ni mò ń wí. Ẹni tí mo bá tú sílẹ̀ lónìí, lọ́la òun nìkan ni yóò wà níbi iṣẹ́. Ta ni yóò gbé ààbọ̀ àmù wá bá a?" Ó jókòó. "Ọ̀dọ̀ mi lo wà títí òjò ọdún yìí yóò fi dá."

Morádékẹ́ sunkún níbẹ̀ láìfi pamọ́. Oṣù méje! Yàrá Ọbańtókò kò ní dúró dè é. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó rò pé yóò bá òun bẹ ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló bi í.

"Kí lo torí rẹ̀ da omi nù?"

"Òjò ló ṣú, Ìyá. Mo rí i pé á rọ̀."

"Nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré lábà, tí òjò bá ṣú, kí ni mo máa ń ní kẹ́ ẹ ṣe?"

Morádékẹ́ nu ojú rẹ̀. "Ẹ máa ń ní ká sáré lọ pọnmi lódò."

"Kí nìdí?"

"Mo rò pé kí òjò má baà ká wa mọ́nà ni."

"Rárá o," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bí òjò náà bá rọ̀, odò á rú, ọjọ́ mẹ́ta la ò ní rí omi mu. Bí kò bá sì rọ̀, omi á wà nílé. O mọ bí òjò ṣe ń ṣú, ọmọ mi. O ò mọ ohun tí à ń ṣe bó bá ṣú."

 

Bí wọ́n ti jókòó bẹ́ẹ̀, ààrá sán lókèèrè. Òjò tún ti ṣú. Gbogbo ojú yí sí Morádékẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, kí ó sọ bóyá yóò rọ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó gbé àmù òfìfo kan, ó gbé e sábẹ́ ẹnu asẹ́, ó sì ṣí i kí ó máa kán.

Ṣé òjò náà rọ̀? Ẹni tó sọ ìtàn yìí fún wa kò rántí, kò sì jọ pé Morádékẹ́ náà rántí. Àwọn ará oko ní tiwọn ni òwe tó jáde níbẹ̀, pé ó ti wà kí gíláàsì tó dé ojú fèrèsé, a ò sì ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn tó ń fọ fèrèsé ní Abẹ́òkúta: wọn á ní ọ̀rọ̀ omi tó ṣàn ní Ìtòkú lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn ló wà lẹ́nu àwọn àgbà, nígbàkígbà tí wọ́n bá kìlọ̀ fún ni pé a kì í torí òjò tó ṣú da omi inú àmù nù.